Bí A Ṣe Lè Kọ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Ní Ìdájọ́ Òdodo Lórí Àyíká, Ní Àdúgbò Tí Èéfín Àti Ìdọ̀tí Ti Gbilẹ̀

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún olùkọ́, olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, òbí, àti ẹnikẹ́ni tó bá ń kó àwọn ọmọ tó ti lé ní ọdún méjìlá jọ ní àdúgbò tí èéfín ilé-iṣẹ́, ààtàn tàbí omi olóró ti di ohun ojoojúmọ́. Àpẹẹrẹ Èkó àti apá ìpínlẹ̀ Ògùn tó fara tì í ni mo máa lò jù: Òjọ́ta tí ààtàn Olúṣosùn wà, Ìgàndó tí ààtàn Solous wà, odò Ìyá Aláró tó ń ṣàn kọjá láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ ní Orẹ́gùn, àti Ògìjó níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé láti inú bátìrì ọkọ̀ tó ti kú. Ẹni tó bá wà nítòsí Awótán tàbí Ajákángà ní Ìbàdàn lè fi orúkọ àdúgbò tirẹ̀ rọ́pò, ọ̀nà náà kò yàtọ̀.

Púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní ẹ̀kọ́ àyíká ní ilé-ìwé wa, ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó lásán ni: ẹ gbálẹ̀, ẹ kó gọ́tà, ẹ má da ìdọ̀tí sójú títì. Ẹ̀kọ́ rere ni, ṣùgbọ́n ọrùn ẹni tó ń gbé àdúgbò ló ń gbé gbogbo ẹ̀bi kọ́, kò sì ní kọ́ ọmọ láti béèrè ìdí tí ìdọ̀tí gbogbo ìlú fi ń sùn sí ẹ̀yìnkùlé tiwọn, tí kì í sùn sí Ìkòyí. Ìdájọ́ òdodo lórí àyíká dá lórí ìbéèrè mẹ́ta: ta ló ń jẹ èrè, ta ló ń fa èéfín símú, ta ló sì yẹ kó dáhùn? Àwọn ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé e yìí wà láti jẹ́ kí ọmọ lè fi ẹ̀rí dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ fi ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ bẹ̀rẹ̀

Ẹ má fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí oorun ni yóò gbé àwọn ọmọ lọ. Ẹ sọ ìtàn Kókó fún wọn. Ní ọdún 1988, àṣírí tú pé wọ́n ti ń kó àgbá kẹ́míkà olóró láti Ítálì wá sí ìlú Kókó, tó wà ní ìpínlẹ̀ Bendel nígbà náà, tó ti bọ́ sí Delta báyìí. Inú ọgbà ẹnì kan ni wọ́n ń tò wọ́n sí, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ń fún un lóṣù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Ítálì ló kọ lẹ́tà sílé, tí àwọn ìwé ìròyìn sì gbé e jáde. Ariwo tó tẹ̀lé e ló mú kí ìjọba ológun gbé òfin jáde lọ́dún yẹn kan náà pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó ìdọ̀tí olóró wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, nítorí ọ̀dọ́ ni wọ́n, lẹ́tà sì ni ohun ìjà kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ wọn.

Bí àyè bá wà, ẹ fi ìtàn Warren County ní North Carolina kún un. Ní ọdún 1982, ìjọba ìpínlẹ̀ náà pinnu láti sin erùpẹ̀ tí kẹ́míkà PCB ti bà jẹ́ sí agbègbè tí àwọn ènìyàn dúdú pọ̀ sí. Àwọn ará ibẹ̀ dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà níwájú ọkọ̀ akẹ́rù, àwọn ọlọ́pàá sì mú iye tó lé ní 500 nínú wọn. Wọ́n sin erùpẹ̀ náà síbẹ̀ nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìdájọ́ òdodo lórí àyíká ti gbalẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Ẹ wá ní kí àwọn ọmọ fi ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ ìtàn kọ̀ọ̀kan wò.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ rin àdúgbò, kí ẹ sì yà á

Ẹ pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ mẹ́rin-mẹ́rin tàbí márùn-ún-márùn-ún, kí àgbàlagbà kan wà pẹ̀lú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá páálí fífẹ̀ kan, ẹ ya àwọn òpópónà àdúgbò sí i, kí wọ́n sì máa fi àmì sí ohun tí wọ́n bá rí: ilé-ìwé, ilé ìwòsàn, kànga àti kànga ẹ̀rọ, ọjà, ààtàn, ilé-iṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ń sun wáyà láti yọ bàbà inú rẹ̀, àti gọ́tà pẹ̀lú ibi tó ń ṣàn sí.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé ni atẹ́gùn, bẹ́ẹ̀ sì ni àwòrán ilẹ̀ tí kò fi atẹ́gùn hàn kò lè sọ ẹni tí èéfín ń bá jà. Ẹ so ọ̀já aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ orí ọ̀pá gíga, kí ọmọ kan máa ṣàkíyèsí ibi tó ń fẹ́ sí láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Ní Èkó, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ìyẹn láti ojú òkun, ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Nígbà ọyẹ́, láti àríwá ìlà-oòrùn ni. Nítorí náà, ilé tí òórùn ààtàn kì í dé ní oṣù keje lè máà rí afẹ́fẹ́ gidi mí ní oṣù kìíní, ẹni tó bá sì wá wo àdúgbò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè ṣi ẹjọ́ dá.

Ọ̀wọ́ tó bá ń tọ odò bíi Ìyá Aláró lọ gbọ́dọ̀ dúró lórí afárá tàbí létí títì. Kí wọ́n wo àwọ̀ omi náà kí ó tó dé ibi tí gọ́tà ilé-iṣẹ́ ti wọ inú rẹ̀, kí wọ́n sì tún wò ó lẹ́yìn ibẹ̀: ṣé ó ń hó bí ọṣẹ, ṣé epo léfòó lórí rẹ̀, ṣé àwọ̀ rẹ̀ yí padà? Ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, wọn kò sì gbọ́dọ̀ wọ ọgbà ilé-iṣẹ́ kankan láìgba àṣẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀

Bí àkókò yín kò bá tó fún gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ mú ìgbésẹ̀ yìí ṣe dáadáa, kí ẹ sì fi èyí tó bá kù sílẹ̀. Inú ń bí àwọn ọmọ tó ń gbé àdúgbò bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn lé ẹni tó ń bínú padà sílé. Kò rọrùn fún un láti lé ìwé tí déètì wà nínú rẹ̀ padà.

Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí ẹ sì fi ìyàtọ̀ hàn wọ́n. Ẹni tó kọ ọ́ pé “Èéfín pọ̀ lónìí, ó burú gan-an” kò tíì kọ nǹkan kan. Èyí tó wúlò rí báyìí: “Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:40 àárọ̀. Mo dúró sí ẹnu géètì ilé-ìwé. Èéfín dúdú ń jáde láti ihò èéfín kejì lápá ọ̀tún, ọ̀dọ̀ wa ni atẹ́gùn ń gbé e bọ̀. Ó ń rùn bíi rọ́bà tó ń jóná. Ó dáwọ́ dúró ní aago 7:25. Èmi àti ẹnì kejì mi la jọ rí i.” Nínú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, aago wà níbẹ̀, ibi tí a dúró sí wà níbẹ̀, ẹlẹ́rìí sì wà. Bí fóònù bá wà, kí wọ́n ya àwòrán láti ibì kan náà nígbà gbogbo, kí igi tàbí òpó iná kan náà sì máa hàn nínú rẹ̀, kí ẹni tó bá ń wò ó lè mọ̀ pé ojú kan náà ni.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò náni ní nǹkan kan. Ẹ nu gíláàsì fèrèsé kan mọ́ tónítóní ní ọjọ́ Ajé. Bí ọjọ́ Ajé bá tún padà yí ká, ẹ fi aṣọ funfun tó tutù díẹ̀ nù ún, ẹ gbẹ aṣọ náà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé, kí ẹ kọ déètì sí i. Kí ọmọ kan ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé ẹbí rẹ̀ tó wà ní àdúgbò mìíràn. A kò lè gbé aṣọ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n, ṣùgbọ́n bàbá àgbà tí kò gba nọ́ńbà gbọ́ kò ní lè bá aṣọ dúdú jiyàn.

Bí ẹ bá rí owó ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn eruku PM2.5, ó dára. Eruku tí à ń sọ yìí kéré débi pé bí 30 nínú rẹ̀ bá tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbogbo wọn ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀ tó fọ́nrán irun orí kan. Ìdí nìyẹn tó fi ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ ráúráú, tí ó sì ń ti ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìwọ̀n rẹ̀ kò yẹ kó ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú afẹ́fẹ́ tó wọ inú àpótí oníwọ̀n mítà kan níbùú, lóòró àti ní gíga, tí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀ fún ọdún kan. Fún ọjọ́ kan ṣoṣo, kò yẹ kó ju 15 lọ. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà kọ́ sí ibi tó ga tó orí ènìyàn, kó jìnnà sí ilé ìdáná àti jẹnẹrétọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èéfín tara yín lẹ máa wọ̀n, tí ẹ ó sì dá ilé-iṣẹ́ lẹ́bi rẹ̀. Bí ìkùukùu bá bo ilẹ̀ tàbí tí òjò ń rọ̀, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà, nítorí irú ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú yìí sábà máa ń ka ọ̀rinrin mọ́ eruku.

Kí àwọn ọmọ lè mọ̀ pé àkọsílẹ̀ afẹ́fẹ́ lè ṣe iṣẹ́ ńlá, ẹ sọ ti Ella Adoo-Kissi-Debrah fún wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ikọ́ fée pa ní Lewisham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 2013. Ẹ̀bá títì márosẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ìyá rẹ̀ kò dákẹ́, wọ́n sì yẹ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ tó wà nítòsí ilé wọn ti kọ sílẹ̀ wò, títí tí adájọ́ tó ń wádìí ikú fi sọ ní oṣù kejìlá ọdún 2020 pé afẹ́fẹ́ tó ti bàjẹ́ wà lára ohun tó pa ọmọ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Bí bátìrì tàbí òjé bá wà ládùúgbò

Ọ̀rọ̀ òjé nílò ìtọ́jú tirẹ̀, nítorí kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀ tí ọmọ lè fi dá a mọ̀ nínú erùpẹ̀. Àwọn oní-kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù ń ra bátìrì tó ti kú káàkiri. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á da ásíìdì inú rẹ̀ nù, wọ́n á sì yọ́ òjé inú rẹ̀ nínú iná. Èéfín àti eruku rẹ̀ á bà lé orí òrùlé, ẹ̀fọ́, kànga àti ilẹ̀ tí ọmọdé ń jókòó sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ara ọmọdé máa ń gba òjé tó wọlé láti ẹnu ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ju ti àgbàlagbà lọ, pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí kò léwu, àti pé bí ó bá ti tó máíkírógíráàmù 5 nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀, ó yẹ kí a wá ibi tó ti ń wọlé kí a sì dí i. Ọpọlọ ló kọ́kọ́ ń bà jẹ́. Ní Zamfara, ní ọdún 2010, ó pa ọmọ tó lé ní 400 níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta láti yọ wúrà. Ní Ògìjó, ní ọdún 2025, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí àwọn akọ̀ròyìn ṣètò rẹ̀ fi hàn pé òjé ti wọ ara àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ará àdúgbò.

Nítorí náà, àwọn ọmọ kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan bátìrì tó fọ́ tàbí eérú ibi ìyọ́-òjé, kódà bí wọ́n bá fẹ́ mú un wá fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun, kí wọ́n bọ́ bàtà síta, kí ilé sì jẹ́ èyí tí a ń fi omi nù, nítorí ìgbálẹ̀ gbígbẹ ń tú eruku náà sókè ni. Ẹ jẹ́ kí ilé ìwòsàn ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí òbí sì wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ gbọ́ ti ẹnu gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-iṣẹ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń jáde láti inú rẹ̀, àwọn tó ń ṣa ike àti irin lórí ààtàn, gbogbo wọn ló ní ohun tí wọ́n mọ̀ tí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan. Ẹ fi bí ọmọ ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àgbà kọ́ wọn: kí wọ́n kí i kú iṣẹ́, kí wọ́n sọ ilé-ìwé tàbí ẹgbẹ́ tí wọ́n ti wá, kí wọ́n béèrè bóyá àyè wà, kí wọ́n sì máa fi ìbéèrè tó ṣí sílẹ̀ bá a sọ̀rọ̀. “Ẹ̀yin bàbá, láti ìgbà wo lẹ ti ń gbé ibí? Kí ló ti yí padà nínú omi kànga yín?” dára ju “Ṣé ilé-iṣẹ́ yìí ló ba omi yín jẹ́?” lọ, nítorí ìbéèrè kejì ti dáhùn ara rẹ̀.

Wọn kò gbọ́dọ̀ kọ orúkọ òṣìṣẹ́ kankan sílẹ̀, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ya fọ́tò ojú rẹ̀. Ẹni tó bá pàdánù iṣẹ́ nítorí pé ó bá ọmọdé sọ òótọ́, àwa ni a ṣe é ní ibi. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú, nínú lẹ́tà tí àgbàlagbà bu ọwọ́ lù, kí ẹ sì kọ èsì wọn tàbí ìdákẹ́ wọn sínú ìwé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ wá ẹni tó yẹ kó dáhùn

Ibí yìí ni àwọn ará àdúgbò ti máa ń sọnù, tí wọ́n á máa ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn. Gẹ́gẹ́ bí ìwé òfin ọdún 1999 ṣe sọ, kíkó ìdọ̀tí jẹ́ ọ̀kan lára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n ní Èkó, LAWMA ló ń bójú tó ìdọ̀tí, LASEPA sì ni ti èéfín àti omi ilé-iṣẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, OGWAMA ni ti ìdọ̀tí. Lókè wọn ni NESREA wà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, tí òfin ọdún 2007 dá sílẹ̀. Àjọ yẹn kò ní agbára lórí ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì, NOSDRA ni ẹ ó bá lọ bí epo bá dà sílẹ̀.

Ẹ ka abala 20 nínú ìwé òfin fún àwọn ọmọ, èyí tó ní ìjọba gbọ́dọ̀ dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀. Kí ẹ sì sọ òótọ́ fún wọn pé abala 6 nínú ìwé kan náà kò jẹ́ kí aráàlú lè fi ẹsẹ̀ èyí nìkan dúró ní ilé-ẹjọ́. Ẹ̀gbẹ́ ibòmíràn ni àwọn agbẹjọ́rò ń gbà: ìwé ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn Áfíríkà, tí Nàìjíríà ti sọ di òfin tirẹ̀, fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó dára nínú abala 24 rẹ̀. Ní ọdún 2018, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ nínú ẹjọ́ Centre for Oil Pollution Watch àti NNPC pé ẹgbẹ́ aráàlú lè pe ẹjọ́ lórí ìbàjẹ́ àyíká bí kì í tilẹ̀ ṣe ilẹ̀ tirẹ̀ ni wọ́n bà jẹ́.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ kọ lẹ́tà

Òfin tó wúlò jù fún ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ni òfin ọdún 2011 tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FOI. Ẹnikẹ́ni ló lè fi béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba, kò sì pọn dandan kó sọ ìdí tó fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí iṣẹ́ náà bá pọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin náà de àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí a bá béèrè gbọ́dọ̀ ṣe pàtó, bí irú èyí:

“Ní ìbámu pẹ̀lú òfin FOI ti ọdún 2011, a ń béèrè fún ẹ̀dà àwọn ìwé wọ̀nyí lórí ilé-iṣẹ́ tó wà ní òpópónà tí a dárúkọ sókè yìí: ìwé àyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ náà yóò ní lórí àyíká, ìwé àṣẹ tí ẹ fún wọn, àbọ̀ gbogbo àbẹ̀wò tí ẹ ṣe síbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àti ìwé ìtanràn, bí ó bá wà.”

Òfin ọdún 1992 lórí àyẹ̀wò ipa iṣẹ́ lórí àyíká ló jẹ́ kí a lè béèrè ìwé àkọ́kọ́ yẹn. Kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn kọ lẹ́tà náà, kí àgbàlagbà bu ọwọ́ lù ú. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ; kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti déètì mọ́ ọ̀kan, kí ẹ gbé e padà sílé. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, wọ́n á ní àwọn kò rí i rí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ gbé e lọ síwájú àdúgbò, kí ẹ sì mọ ohun tí ẹ ń béèrè

Ẹ ránṣẹ́ sí baálẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn onílé, ìyálọ́jà àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ṣáájú, kí ó má baà dà bíi pé ọmọdé fẹ́ dójú ti àgbà. Kí àwọn ọmọ fúnra wọn ṣàlàyé páálí tí wọ́n ya àdúgbò sí, kí wọ́n fi aṣọ tí wọ́n fi nu fèrèsé hàn, kí wọ́n ka àkọsílẹ̀ ọjọ́ kan péré.

Ariwo tó máa kọ́kọ́ dìde ni “Kí wọ́n tì í pa!” Ẹ má kánjú gbà á. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti kéde pé òun yóò ti ààtàn Olúṣosùn àti Solous pa, inú ará Òjọ́ta sì lè dùn sí i, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ béèrè níbo ni ìdọ̀tí náà ń lọ, ta ló ń gbé ibẹ̀, kí sì ni àwọn tó ń ṣa ike jẹun níbẹ̀ yóò máa ṣe. Lọ́nà kejì, títì pa kì í kó májèlé inú ilẹ̀ lọ. Ní Owino Uhuru, ní Mombasa lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, ilé-iṣẹ́ ìyọ́-òjé kan kógbá sílé ní ọdún 2014, òjé rẹ̀ sì kù sílẹ̀ nínú erùpẹ̀. Phyllis Omido, tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí, àti àwọn ará àdúgbò gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́, tó dá bílíọ̀nù 1.3 owó ṣílè Kẹ́ńyà fún wọn ní ọdún 2020, tó sì ní kí wọ́n wẹ ilẹ̀ náà mọ́. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ibẹ̀ fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Ẹ fi èyí ṣe àwòkọ́ṣe nígbà tí ẹ bá ń to ohun tí ẹ fẹ́: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọdé, àyẹ̀wò omi kànga, wíwẹ ilẹ̀ mọ́, àti iṣẹ́ mìíràn fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá lọ.

Kí ìpàdé tó tú, ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò padà lọ sí ọ́fíìsì náà ní ọjọ́ kẹjọ tí ẹ fi lẹ́tà sílẹ̀, àti ti agbẹjọ́rò tàbí ẹgbẹ́ tí ẹ ó bá bí èsì kò bá dé, nítorí ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni òfin FOI fún ẹni tí wọn kò dá lóhùn láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́. Ẹ̀dà kan nínú ìwé àkọsílẹ̀ máa wà ní ilé-ìwé, ìkejì lọ́dọ̀ akọ̀wé àdúgbò, ìkẹta lórí fóònù àgbàlagbà tí gbogbo yín fọkàn tán.